Ìgbà Tí Ọwọ́ Mi Yá Ju Ti Ẹ̀gbọ́n Lásísì Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Sìdíkátù ọmọ mi ló sọ fún mi pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń pẹ́ lọ́wọ́ yín, pé ẹ fẹ́ kí n fi àwọn ọ̀nà àbùjá orí kọ̀ǹpútà hàn yín kí ẹ lè máa tètè délé. N óò fi hàn yín. Kò sí èyí tó le nínú wọn. Ẹni tó bá ti mọ ABD á mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì ní mọ́ṣáláṣí iwájú yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi alára ṣe mọ̀ wọ́n, àti ohun tí mo fi wọ́n ṣe. Ẹni tó fún ọmọdé ní ọ̀bẹ tí kò fi ojú ọ̀bẹ hàn án, onítọ̀hún kò ṣe ọmọ lóore.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Tinúbú kọjá lójoojúmọ́, báǹkì àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ ń rí. Nígbà tiwa, bí o bá yà kúrò ní Tinúbú tí o gba ẹ̀yìn àwọn ilé gíga yẹn lọ sí apá kóòtù, wàá gbọ́ wa kí o tó rí wa. Àwa atẹ̀wé ìta ni. A tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lábẹ́ agboòrùn, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì kékeré rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ìwé ìbúra kóòtù, ìwé àdéhùn ilé, ìwé ìwáṣẹ́, ìwé tí ìyàwó fẹ́ kọ sí ọkọ tó ti lọ òkè òkun tí kò bojú wẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. Bí gbogbo wa bá dáwọ́ lé e pọ̀, ńṣe ló dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bí ìlà bá parí, agogo inú ẹ̀rọ á dún, tín-ín, a ó sì fi ọwọ́ òsì ti orí ẹ̀rọ padà, ṣàráà. Mo mọ gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà wa láì gbójú sókè. Òmíràn ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gún ata. Òmíràn á tẹ̀ díẹ̀, á dúró, bí adìẹ tó ń mumi. Ti Ẹ̀gbọ́n Lásísì nìkan ni kì í já. Ó ń lọ geere bí ẹni ń ka Kùránì tó ti há sórí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀gbọ́n Lásísì. Inú agbo ilé wa yìí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ni wọ́n ti gba yàrá kan. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò ríṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti fẹsẹ̀ rìn dé CMS, mo ti fẹsẹ̀ rìn padà, màá wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n bá mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àpótí ẹ̀rọ wọn ní ọwọ́ ọ̀tún.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwé tó o kà, ṣé o ṣì rántí ẹ̀?"

Mo ní, "Mo rántí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Dìde, jàre. Ọlọ́run ò fún ọ ní ìka mẹ́wàá kó o máa fi wọ́n ka ọkọ̀ tó ń kọjá."

Bí mo ṣe di atẹ̀wé nìyẹn. Wọ́n á da aṣọ ìnujú bo ọwọ́ mi kí n má baà wo bọ́tìnnì. Bí mo bá ṣì í tẹ̀, wọn kì í bínú, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ni kó mọ̀nà, kì í ṣe ojú." Wọn ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá mi. Nígbà tí mo gbòmìnira, àwọn náà ni wọ́n sún tábìlì wọn sẹ́yìn kí tèmi lè ráyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa àṣìṣe rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ ṣì í, oore ńlá ni wọ́n ṣe yín. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́tà orí bébà tiwa náà, ẹyin ni. Bí oníbàárà bá fẹ́ ìwé rẹ̀ ní ẹ̀dà púpọ̀, a ó fi kábọ̀nù há àárín wọn, ìyẹn bébà dúdú tó máa ń kun èèyàn lọ́wọ́ débi tí ìyàwó mi ò fi ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan ògiri bí mo bá délé. Bí ìka bá wá ṣì lórí ìlà ìkẹyìn, àtúntẹ̀ ni látòkè. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á fẹ́ lójijì, á kó ìwé lórí tábìlì, a ó máa sá tẹ̀lé e lọ́nà bí ẹni ń lé adìẹ.

Ọdún Iléyá kan wà tí Ẹ̀gbọ́n Lásísì ra àgbò wọn láàárọ̀, tí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ọwọ́ tó dilẹ̀. Kíláàkì lọ́yà kan gbé ìwé ìbúra tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnìkan tàkúrọ̀sọ. Kí a tó mọ̀, àgbò ti jẹ ìwé dé ibi tí olùbúra ti ń bẹ Ọlọ́run kó ran òun lọ́wọ́. Kíláàkì káwọ́ lérí, ó ní kí lòun fẹ́ sọ fún ọ̀gá òun. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn pé àgbò ti bá yín jẹ́rìí sí i." Wọ́n fi bébà tuntun sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n sì tún un tẹ̀. Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín títí a fi lọ ṣe àlùwàlá.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn. A ń gbọ́ ohùn ara wa. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá dákẹ́ jù, a ó yíjú wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá. Lónìí mo wọ ọ́fíìsì tí Sìdíkátù ti ń ṣiṣẹ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́, oníkálukú kọjú sí ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ò mọ orúkọ onítọ̀hún dáadáa.

Ayé yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí yí wa ká, àwọn oníbàárà ń yà síbẹ̀. Àwọn ará ìlà wa ń ká tábìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan lọ ń ta káàdì fóònù, ẹnìkan padà sí Ọ̀yọ́, àwọn míì dákẹ́ síbi tí a ò mọ̀. Níkẹyìn, ó ku èmi àti Ẹ̀gbọ́n Lásísì. Àwa méjèèjì nìkan là ń dún káká lẹ́yìn ilé gíga yẹn, bí àkùkọ méjì tó kù nínú agbo ilé.

Ìgbà yẹn ni Sìdíkátù gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún mi, èyí tí ọ́fíìsì wọn ò lò mọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ ìwé jáde. Mo ní kí lèmi arúgbó fẹ́ fi ṣe. Ó jókòó tì mí nínú yàrá yìí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ fi ìka kan mú bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Kọntíróòlù sí. Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ wá tẹ lẹ́tà C." Ó ní ẹ̀rọ ti da ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́kọ́ sàmì sí lójú rẹ̀ kọ nìyẹn. Ó ní kí n tún mú Kọntíróòlù kí n tẹ V, ọ̀rọ̀ náà tún jáde níbòmíràn, láì ku lẹ́tà kan. Bí mo bá ṣì í, Kọntíróòlù àti Z yóò dá mi padà síbi tí mo ti ṣì. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni Kọntíróòlù àti H: mo sọ fún ẹ̀rọ pé níbi gbogbo tí orúkọ Àlàbá bá wà, kó fi Àlàní rọ́pò rẹ̀, kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti tún gbogbo ìwé náà ṣe. Mo yọ fìlà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń tún ìwé tẹ̀ látòkè wá síbi orúkọ kan ṣoṣo, mo rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sórí tábìlì mi níta, mo fa iná láti ilé ẹ̀yìn wa. Ìwé àdéhùn ilé, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ ló ń yàtọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi pamọ́. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá dé, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mò ń yí. Òkìkí kàn. Àwọn ará ọjà Sandgrouse gbọ́, àwọn kíláàkì lọ́yà padà wá. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, èèyàn ti tò síwájú tábìlì mi. Iwájú Ẹ̀gbọ́n Lásísì, kò sí ẹnìkan. Wọ́n á tẹ̀ díẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ wò, wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á káwọ́ sáyà. Bí òjò bá ń ṣẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń dìde wá di agboòrùn mú sórí kọ̀ǹpútà mi kó má baà tutù. "Bárakà ni," wọ́n á máa wí, "Ọlọ́run ló fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo gba iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́, n kò sì jà, n kò sì purọ́ mọ́ wọn. Mo kàn mọ bọ́tìnnì tí wọn ò mọ̀ ni. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n. Bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ wá, màá ní iṣẹ́ ti kún mi lọ́wọ́, bóyá lọ́la, àfi tí wọ́n bá gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Nígbà míì, màá ti parí iṣẹ́, màá ṣì máa tẹ bọ́tìnnì asán kí ó lè dà bí ẹni pé ó ń pẹ́. Àkókò tí Sìdíkátù kọ́ mi láti fi pamọ́, ibẹ̀ ni mò ń dà á nù sí. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Mo pe ara mi ní ọmọlúàbí.

Ó di inú oṣù ààwẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, tó ń tajà ní Sandgrouse, mú iṣẹ́ wá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe wàásù àti ìṣínu, ó sì fẹ́ ìwé ìpè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí orúkọ oníkálukú wà lórí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ tí mi ò ní tíì jókòó dáadáa tí n ó fi parí rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ti kún mi lọ́wọ́. Ẹ gbé e fún Ẹ̀gbọ́n Lásísì." Ó gbé e fún wọn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Oòrùn mú, ọ̀fun gbẹ. Mo ń wò wọ́n tí wọ́n ń gbé ìwé tí obìnrin náà fọwọ́ kọ súnmọ́ imú, tí wọ́n ń gbé e jìnnà, tí wọ́n tún ń gbé e súnmọ́. Mo ní ààwẹ̀ ló ń mú wọn. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ padà dé lẹ́yìn ìrun Àílà, ó gbé àwọn ìwé náà, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Bàbá, Àlàájà Sàfúrátù ni mo kọ. Sàbítíù lẹ tẹ̀. Ẹ sọ ọ́ dọkùnrin. Èyí náà ńkọ́? Ta ló ń jẹ́ báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ò jókòó. Èmi ló yíjú sí. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹni tá a jọ pààlà ní Sandgrouse ló ní kí n wá bá yín. Ó ní òun ò tíì mu omi inú ọ̀rá kan tán tí ẹ fi ṣe tòun. Kí ni mo wá fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi lé mi síbòmíì? Mo kọjá níbí lẹ́ẹ̀kan, mo tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ káwọ́ gbera."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà orí tábìlì mi. Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Lásísì dákẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí, n kò lè yíjú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún àwọn orúkọ náà ṣe, wọ́n kó ìwé fún obìnrin náà, wọ́n sì tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó lọ tán ni wọ́n tó yí àga wọn sí mi.

"Àbúrò, ó ti pẹ́ tó o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Má sọ mí dọmọdé."

Mo ní, "Ó ti ṣe díẹ̀."

"Sàráà lò ń ṣe fún mi."

"Kì í ṣe sàráà, ẹ̀gbọ́n. Àánú yín ló ṣe mí."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé mo ti fọ́ ẹyin. Wọ́n tún un wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan kíkan wò. "Àánú. Nígbà tí mo bá ọ lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ, ìwọ náà ṣe mí láàánú. Ṣé èérún iṣẹ́ ni mo bù fún ọ lọ́jọ́ náà, àbí iṣẹ́ gan-an ni mo kọ́ ọ?"

Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo dé, tábìlì wọn ti wà ní òdìkejì títì, lábẹ́ ògiri tí kò ní ìbòòji. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn. Bí ó ti wù kí ó rí, àgbà kì í ṣe bí èwe. Wọn ò bá mi yodì. Wọ́n kàn jókòó sọ́hùn-ún ni.

Mo délé, mo ro ẹjọ́ fún Sìdíkátù. Mo rò pé yóò bá mi káàánú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ ò kàn fi hàn wọ́n?" Mo ní àgbà ni wọ́n, wọ́n lè rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Sìdíkátù dìde, ó lọ palẹ̀ àwo mọ́. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bi ara mi ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí kò ti sí ẹni tí mo lè purọ́ fún. Mo gbádùn àwọn èèyàn tó ń tò síwájú mi. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti bu iṣẹ́ fún wọn ju kí n fún wọn ní bọ́tìnnì lọ, nítorí ẹni tó ń bù fúnni ló ṣì mú ìgbákọ dání.

Nígbà tó fẹ́ dọwọ́ ìṣínu lọ́jọ́ kejì, èmi àti Sìdíkátù gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí yàrá Ẹ̀gbọ́n Lásísì, pẹ̀lú àkàrà, ògì àti dàbínù. A jọ ṣínu, a kírun. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń tẹ̀ hàn yín." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó o sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n fi gbogbo agbára lu bọ́tìnnì, tábìlì ń mì. Sìdíkátù ní, "Bàbá, ẹ rọra, kì í ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn. Ìka lásán ló ń gbọ́." Wọ́n rọra. Ọwọ́ wọn ò ṣì. Ọwọ́ mọ̀nà bí wọ́n ti ń wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n tẹ̀, wọ́n súnmọ́ ojú ẹ̀rọ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Wọ́n ní, "Ta ló da èèrà sójú rẹ̀ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Sìdíkátù ò rín in. Ó na ọwọ́ kọjá, ó fi ìka kan mú Kọntíróòlù, ó sì tẹ àmì àròpọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí lẹ́tà fi ń wú bí ìyẹ̀fun inú omi gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n Lásísì yọ fìlà wọn. Wọ́n ka orúkọ ara wọn jáde, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lójú ẹ̀rọ. Wọ́n tún un kà.

Sìdíkátù bi wọ́n wẹ́rẹ́ pé, "Bàbá, ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kábọ̀nù ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣì mí lójú. Ìwé àfọwọ́kọ ló burú jù. Mo ń fi ìfura kà á ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ jáde, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún atẹ̀wé tí kò ríran?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé àfọwọ́kọ ni gbogbo ohun tí mò ń tì sí wọn. Gbogbo àánú tí mo ń ṣe, ojú wọn ni mò ń fi ata sí. Ọkùnrin tó ń fi ìfura kàwé, nínú ààwẹ̀, nínú oòrùn, èmi tí mo lè ṣe iṣẹ́ náà kí n tó mí kanlẹ̀ ni mo káwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀, tí ọkàn mi sì ń balẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi jókòó tira, mo gbọ́ ọwọ́ wọn, n kò wo ojú wọn.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní àìsàn tó ń jẹ ojú jẹ́jẹ́ láì dunni ni. Èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù ni àwọn lè bá wọn ṣọ́. Ó ní ká ní wọ́n tètè wá ni. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ìwé oògùn wọn dání títí a fi délé.

Wọ́n gbé tábìlì wọn padà wá. Rárá, irọ́ ni mo pa. Tábìlì kan la lò láti ìgbà náà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan. Màá ka àfọwọ́kọ oníbàárà sókè, àwọn á máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á tóbi lójú ẹ̀rọ débi pé ẹni tó ń kọjá lè kà á. Wọ́n sọ gbogbo ọ̀nà àbùjá náà lórúkọ. C ni Dà-á-kọ. V ni Lẹ̀-ẹ́-mọ́-ọn. Z ni Dá-mi-padà. Nígbà tí iná kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí ìwé àdéhùn odindi wọmi, tí a sì ní láti bẹ lọ́yà, ni wọ́n sọ Kọntíróòlù àti S ní Má-gbàgbé. Lẹ́yìn gbogbo ìpínrọ̀, wọ́n á ní, "Àbúrò, Má-gbàgbé," èmi á tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó mọ ohunkóhun mìíràn, S ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ́ra.

Nǹkan dára fún wa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń tẹ àmì àròpọ̀ sí i lóṣooṣù. Ó di pé ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ló ń gba ojú ẹ̀rọ. Ó di pé lẹ́tà kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá fi ògiri yí ẹ̀yìn ilé gíga yẹn ká, wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ẹ̀gbọ́n Lásísì di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú. Mo bá wọn gbé àpótí dé ọkọ̀. Wọ́n di apá mi mú lọ́nà, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ nìkan.

Ọdọọdún, lẹ́yìn Iléyá, ni mo máa ń lọ kí wọn. Ọdún yìí, wọ́n jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n mọ ìrìn mi kí n tó kí wọn. Wọ́n béèrè Sìdíkátù. Wọ́n béèrè ohun tuntun tí wọ́n ti gbé jáde. Mo ní fóònù ti ń tẹ̀wé báyìí, bí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀ sí i, á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n sọ gbólóhùn kan sí i ní ohùn Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kí n ka ohun tó kọ. Játijàti ló kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ojú tí kò rí mi.

Omi yẹn ni n kò lè fara dà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó tì yín, n kò rí i. Mo ń tì yín sínú rẹ̀, mo pè é ní oore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ mi dé lé e lórí.

"O sọ ọ́ léṣìí, mo ní mo ti gbọ́. O sọ ọ́ ní ìdúnta, mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti tán lọ́wọ́ mi, àbúrò. Ọwọ́ tìrẹ ló kù sí."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wọkọ̀ bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Ọwọ́ mi náà ló ṣì wà, bí ẹ ṣe ń wò mí yìí.